Nígbà Tí Wọ́n Pa Iná Sọ́míìlì

Benedict Mákánjúọlá ló ya fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Òun ló ya tèmi náà nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Ní Òkìtìpupa láyé ìgbà náà, àwọn ayafọ́tò ò pọ̀, òun sì ni wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ga, ó máa ń tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo nǹkan nínú ihò. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Kò fo ibi tó dùn ún jù nínú rẹ̀.

Ọmọ Erinje ni. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ń ṣe epo pupa. Nígbà tí Benedict tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó lọ bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ṣiṣẹ́, ẹrù ló ń rù fún wọn. Ọ̀gá tó ṣíwájú wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣọlá, máa ń dúró de alẹ́ nígbà mìíràn kó lè fi awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ìràwọ̀, nítorí ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí àríwá wà gan-an. Benedict ló ń gbé àtùpà dání kí ọ̀gá náà lè rí nọ́ńbà kà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́bàá Òde-Ìrèlè, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, Olúwaṣọlá ní kó pa àtùpà kó wá fi ojú sí awò. Ohun tó rí kò jọ ìràwọ̀. Ó dà bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sára dígí. Ọ̀gá náà sọ fún un pé kì í ṣe ìkùukùu òjò. Ó ní ìràwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán, ó sì jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú Benedict lálẹ́ ọjọ́ náà ti gbéra níbẹ̀ kí ìlú kankan tó wà láyé. Ó ní àwọn kan ní òkè òkun ti ya fọ́tò rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ká yípo bí omi tó ń yí wọ ihò. Benedict ní òun ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó ń rò kò ju pé báwo ni ènìyàn ṣe lè ya fọ́tò ohun tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí.

Nígbà tó yá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Òǹdó. Ó padà wá ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 1957, ó fẹ́ Janet, ọmọ Ìlútítun, wọ́n sì bí Helen lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé fọ́tò wà níwájú, wọ́n ń gbé ẹ̀yìn, àgbàlá kan sì wà tí kò ní igi, tó ṣí sí ojú ọ̀run láti ìhà àríwá. Nítorí àgbàlá yẹn ló ṣe gba ilé náà.

Ní 1961, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàmú kọ́ sọ́míìlì sí ẹ̀yìn ilé wọn. Kò pẹ́ tí olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí pákó gbé lóru. Àlàmú bá ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó gbé iná ńláńlá kọ́ orí wọn. Ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ ló ń tan án, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú àwọn ará àdúgbò dùn sí i. Àwọn ìyá ń fọ abọ́ níta, àwọn ọmọ ń ṣeré, ejò kò sì lè kọjá lójú ọ̀nà kí wọ́n má rí i. Benedict nìkan ni iná náà ń ni lára. Bó bá gbójú sókè láti àgbàlá rẹ̀, ojú ọ̀run ti dà bí eérú, ìràwọ̀ tó sì kù níbẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ìka kà lọ.

Ó ti ra ojú kámẹ́rà kan ní Èkó nígbà náà, ojú ńlá tó wúwo bí òkúta, tí ẹni tó tà á fún un sọ pé ara ọkọ̀ òfuurufú ogun ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi báyìí. Ojú ènìyàn kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pamọ́. Ohun tó bá rí nísinsìnyí náà ló rí. Fíìmù máa ń kó o jọ. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan, yóò kó ìmọ́lẹ̀ wákàtí kan jọ, ohun tí ojú ò rí yóò sì hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í ṣa èyí tó ń kó. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ iná Àlàmú, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé ayé ń yí, ìràwọ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Bí kámẹ́rà bá dúró, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á fa ìlà. Benedict so pákó méjì pọ̀ bí ìwé tó ń ṣí tó ń padé, ó gbé kámẹ́rà sórí ti òkè, ó sì ki bóòtù irin gígùn kan gba inú ti ìsàlẹ̀. Bó bá ń yí bóòtù náà díẹ̀díẹ̀, pákó òkè á máa gbéra, kámẹ́rà á sì máa tẹ̀ lé ìràwọ̀. Ó de awò kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, okùn tín-ín-rín méjì dábùú ara wọn nínú awò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ìràwọ̀ kan mú sí oríta okùn méjèèjì fún bí wákàtí kan, kó má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú péré, gbogbo ìràwọ̀ inú fọ́tò ló máa hu ìrù.

Ó gbìyànjú ní 1962, ó gbìyànjú ní 1963. Ó fi páálí dúdú ṣe ìbòrí fún ojú kámẹ́rà. Ó ta aṣọ dúdú sórí okùn ní ìhà sọ́míìlì. Bó bá fọ fíìmù náà tán, dúdú ni yóò jẹ́ láti etí dé etí, nítorí lára nẹ́gẹ́tíìfù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí ló ń dúdú. Ó fi kẹ̀kẹ́ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sí oko bàbá rẹ̀ ní Erinje lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ìrì bo ojú kámẹ́rà. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn àgbà ilé pè é, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúró nínú oko lóru mọ́, pé àwọn obìnrin tó ń jí lọ fọ epo ti ń bẹ̀rù ibẹ̀. Kò bá wọn jiyàn.

Ẹni tó ń ṣọ́ sọ́míìlì lóru ni Jàfárù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ onílẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni, òun ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń kírun. Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀dínátù, ń ṣe púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, oníbàárà rẹ̀ sì ni Janet. Jàfárù máa ń wá dúró lẹ́bàá ọgbà tó wà láàárín sọ́míìlì àti àgbàlá Benedict lálẹ́, òun àti Benedict á jọ máa sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wá lókè. Benedict fi àwọn fọ́tò tó bàjẹ́ hàn án, títí kan àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ti sinmi nígbà tó ń yà wọ́n. Jàfárù rẹ́rìn-ín sí àwọn ìràwọ̀ onírù yẹn, ó ní wọ́n jọ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi. Ó ní kó ṣàlàyé ohun tó fa ìrù, Benedict ṣàlàyé, ó sì yé e.

Nígbà tí òjò tán ní 1964, tí ọyẹ́ ò sì tíì bo ojú ọ̀run, Benedict bẹ Jàfárù pé kó pa iná sọ́míìlì fún àádọ́ta ìṣẹ́jú péré. Jàfárù kọ̀. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀, ó ní iná yẹn ni iṣẹ́ òun. Nígbà kẹta, ó ní òun á pa á lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, nítorí òṣùpá ò ní sí, Àlàmú náà ò sì ní sí nílé. Ó ní kí Benedict má ṣe kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú náà.

Ẹ̀rọ amúnáwá dákẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kùn díẹ̀, wọ́n tan fìtílà, wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òkùnkùn mọ́ Benedict lójú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀, òun ò rí ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀nà funfun tó la ọ̀run kọjá hàn kedere títí dé orí òrùlé sọ́míìlì. Ó wá èéfín kékeré yẹn ní ìhà àríwá, ó rí i. Ó ṣí fíìmù, ó fi ojú sí awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bóòtù.

Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá nígbà tó gbọ́ ohùn kan. Kì í ṣe igbe ńlá. Ó ti inú sọ́míìlì wá, ó sì dákẹ́. Benedict gbé ọwọ́ kúrò lórí bóòtù, ó tẹ́tí. Ìràwọ̀ tó ń ṣọ́ rọra kúrò ní oríta okùn, ó ń lọ. Ohùn náà tún dún, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀ pé orúkọ òun ni. Ó rò ó pé bóyá Jàfárù kàn ń béèrè bóyá òun ti parí ni. Ó rò ó pé bóyá Àlàmú ló dé. Ó rò ó pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ọwọ́ padà sórí bóòtù, ó yí i kíákíá títí ìràwọ̀ fi padà sí àyè rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà fi pé.

Nígbà tó pa fíìmù dé tán, ó nàgà lórí ọgbà, ó sọ fún Jàfárù pé kó tan iná. Kò sí ìdáhùn. Ó fo ọgbà wọlé.

Kòtò kan wà lábẹ́ ayùn ńlá, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun pákó ń bọ́ sí. Ó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ, irin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Jàfárù ti gbọ́ ohun kan tó ń rìn láàárín àwọn gẹdú, ó rò pé olè ni, ó ń lọ wò ó, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tó mọ̀ bó ṣe mọ ilé ara rẹ̀ ló jìn sí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ há sáàárín irin méjì, egungun ti yọ síta, ìyẹ̀fun pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Benedict sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó fi ara tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Jàfárù ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Lọ tan iná ná. Kí wọ́n tó dé."

Benedict lọ tan iná. Lẹ́yìn náà ló ké sí àwọn aládùúgbò, wọ́n fi ilẹ̀kùn kan gbé Jàfárù lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà ni Benedict fọ fíìmù. Ó ní òun ò mọ ohun tó mú òun ṣe é. Ó dà bíi pé ọwọ́ òun ló ń ṣe é, tí òun ò sí níbẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó gùn, ó sì rọ̀ bí òwú, àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èyí tí kò sí ojú kankan tó lè rí i láti àgbàlá yẹn. Ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Yí i ká, ní ara gbogbo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ìrù kékeré kan wà, tín-ín-rín bí irun, gbogbo wọn sì kọjú sí ìhà kan náà. Ìdajì ìṣẹ́jú tó fi tẹ́tí sí Jàfárù ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó fi fọ́tò náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó kó páálí lé e lórí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, òun àti Janet lọ kí Jàfárù. Janet jókòó ti Mọ̀dínátù níta, Benedict wọlé. Jàfárù ti rù gan-an. Ó sọ fún Benedict pé òun ti sọ fún Àlàmú pé ẹ̀rọ ló kú fúnra rẹ̀, kí Benedict náà má sì ṣe sọ ohun mìíràn. Ó ní òun fúnra òun ló gbà láti pa iná, òun ò sì fẹ́ kí orúkọ Benedict wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè.

"Benedict, ṣé o gbọ́ mi nígbà tí mo pè ọ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. N ò gbọ́ nǹkan kan."

Jàfárù mi orí. Ó ní òun náà rò ó bẹ́ẹ̀, pé kòtò náà jìn. Ó béèrè fọ́tò náà, Benedict sì sọ fún un pé ó bàjẹ́.

Àlàmú kò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà gbọ́. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún un pé iná kú fún bíi wákàtí kan, ó sì pinnu pé Jàfárù sùn ni, tí epo fi tán nínú ẹ̀rọ. Ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Àwọn kan ní ó sùn, àwọn kan ní òun àti olè ló jọ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n fi lé Nùrẹ́nì, aládùúgbò rẹ̀, lọ́wọ́, wọ́n ní nítorí ẹsẹ̀ ni. Jàfárù mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú ilé, ó ń hun ìgèrè tí àwọn apẹja ń rà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ọ̀rọ̀ sọ́míìlì.

Benedict gba oko Jàfárù ṣe. Gbogbo Sátidé ló ń lọ, ó ń ro ó, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń ru ẹ̀gẹ́ wálé fún Mọ̀dínátù kó lè rí púpurú ṣe. Kò jẹ́ kí igi ìdáná wọn tán. Káàkiri àdúgbò ni wọ́n ń yìn ín pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Benedict ní ìyìn yẹn le ju èébú lọ. Òun a máa jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ara òun á sì máa gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ní 1967, nígbà tí ogun sún mọ́ Ore, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn pa iná lálẹ́. Iná sọ́míìlì kú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Òjò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àwọn alẹ́ kan wà tí ojú ọ̀run mọ́ gaara lórí ìlú. Benedict jáde sí àgbàlá lẹ́ẹ̀kan, ó wòkè, ó rí gbogbo rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni, ó sì padà wọlé. Kò fọwọ́ kan kámẹ́rà ńlá yẹn.

Nígbà tó di 1969, Helen ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ń wá páálí tó máa fi bo ìwé rẹ̀, ó tú àpótí bàbá rẹ̀, ó bá fọ́tò náà nísàlẹ̀. Ó mú un lọ sílé ìwé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mildred, wò ó, ó sì sọ fún gbogbo kíláàsì pé iṣẹ́ ńlá ni. Inú Helen dùn. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó gba iwájú ilé Jàfárù kọjá, ó kí i, bàbá náà sì béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní fọ́tò ojú ọ̀run tí bàbá òun yà ni. Jàfárù gbà á, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní kó fi í sílẹ̀, kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń pè é.

Benedict ní bí Helen ṣe jíṣẹ́ náà tán, òun ti mọ̀. Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Jàfárù jókòó sórí ẹní, fọ́tò náà wà lórí itan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kù. Ó ní kí Mọ̀dínátù wọlé, ó sì ní kí Benedict jókòó.

Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan yìí. O ní bí ọwọ́ bá sinmi, wọ́n á hu ìrù. Ọwọ́ rẹ sinmi níbí. Kí ló mú un sinmi?"

Benedict ní òun fẹ́ purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ahọ́n òun sì kọ̀.

"Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"O wá fi ọwọ́ padà síbẹ̀."

"Mo fi ọwọ́ padà síbẹ̀."

Jàfárù kò pariwo. Ó mú ìgèrè tó ń hun, ó yí i lọ́wọ́, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ yìí, òun ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ó ti pẹ́. Òun ló pa iná, òun ló rìn nínú òkùnkùn, bí Benedict bá tilẹ̀ sáré wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì gé e. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí Benedict ní kò kúrò ní etí òun títí di òní.

"Mo bi ọ́ lórí ibùsùn, o wo ojú mi, o ní o ò gbọ́. Láti ọdún náà wá ni mo ti ń sọ fún ara mi pé n ò ké sókè tó."

Benedict dọ̀bálẹ̀. Jàfárù ní kó dìde, pé kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ó ní kó lọ sọ fún àwọn tó ń sọ pé òun sùn, kó má sì tún wá sí iwájú ilé òun kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú fọ́tò náà lọ́wọ́, kò dá a padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Benedict sọ gbogbo rẹ̀ fún Janet. Janet ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ṣì ń ṣa ẹ̀wà náà nígbà tó parí, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ní ìkẹyìn, ó ní òun á bá a lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Benedict dúró síwájú wọn àti síwájú Àlàmú, Janet wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé Jàfárù kò sùn, pé epo kò tán, pé òun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó pa iná, pé òun gbọ́ igbe rẹ̀ tí òun ò sì lọ. Àlàmú bi í bóyá nítorí fọ́tò ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí, ó wọlé lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Benedict gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ó sì dúró sí ìta lẹ́yìn ìrun, ó tún sọ ọ́ níbẹ̀. Ó ní èyí le ju ti sọ́míìlì lọ, nítorí Jàfárù wà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, kò sì wo ojú òun.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Nùrẹ́nì ló kọ́kọ́ ṣí kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí lápò, ó kúnlẹ̀, ó fi í sí ọwọ́ Jàfárù. Jàfárù dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ò lè rìn dé ibẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ mọ́, ó sì dá a padà fún Nùrẹ́nì lójú gbogbo wọn.

Àwọn kan ò wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ Benedict mọ́ fún bí ọdún kan. Wọ́n ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kò bínú sí wọn. Helen gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé ìwé, ó sunkún, ó rò pé òun ló fà á, bàbá rẹ̀ sì mú un jókòó, ó sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe tó burú. Benedict ń bá iṣẹ́ oko Jàfárù lọ ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n kò gba iwájú ilé wọn mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, yóò sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, yóò sì máa lọ.

Ó tó oṣù méje kí ó tó gbọ́ ohunkóhun láti ẹnu Jàfárù. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀, Mọ̀dínátù jáde sí i.

Ó ní, "Bàbá Helen, ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́ náà súnmọ́ra jù."

Mọ̀dínátù ní kó gba iwájú lọ, kó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ. Jàfárù ò sọ̀rọ̀ fọ́tò, kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ẹ̀gẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra kí iṣu rẹ̀ lè tóbi, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn án lórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Benedict tún ń gba iwájú ilé náà. Ó ní kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì retí pé kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á jókòó fún wákàtí kan láìsọ gbólóhùn mẹ́ta.

Ní ìparí ọdún 1971, Jàfárù fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ fi ojú òun rí nǹkan náà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wò ó lórí páálí. Benedict bẹ ọlọ́kọ̀ kan, wọ́n sì gbé Jàfárù àti Mọ̀dínátù lọ sí oko ní Erinje ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà ilé ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀rù. Benedict kò mú kámẹ́rà dání. Awò kékeré nìkan ló mú wá, ó dè é mọ́ igi kan tó rì mọ́lẹ̀, ó sì gbé àpótí sí ìdí rẹ̀ kí Jàfárù lè jókòó.

Ó pẹ́ kí Jàfárù tó rí i. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń bo dígí. Benedict di èjìká rẹ̀ mú títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

"Èyí náà ni?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n."

Jàfárù tún fi ojú sí i. Ó ní ó kéré ju bí òun ṣe rò lọ. Ó ń wò ó síbẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Benedict kò gbé ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò kan, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àpótí náà, ó sì ní kí Mọ̀dínátù wá jókòó, kó wò ó kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn.